Ayálégbé Inú Kọ̀ǹpútà Wa

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa, mò ń fi àlùmọ́gàjí gé pásípọ́ọ̀tù ọmọ yunifásítì kan, ìyàwó mi sì wà nínú lọ́hùn-ún nídìí kọ̀ǹpútà. Òun nìkan ni. Kò sí oníbàárà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sí fóònù létí rẹ̀. Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe irú ẹ̀rín tí a máa ń rín tí iná bá dé o. Ẹ̀rín ìsàlẹ̀ ọ̀fun ni, èyí tí obìnrin máa ń fọwọ́ bo ẹnu rín. Mo mọ ẹ̀rín náà dáadáa. Ìgbà tí mò ń lé e kiri Òkè-Ṣọ́pẹ́n ni mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.

Mo yọ orí wọlé. Kí n tó rí ohun tó ń wò, ó ti tẹ nǹkan kan, ohun náà sì ti pòórá. Ojú kọ̀ǹpútà wá dúdú bí ìdí ìkòkò, àwọn lẹ́tà funfun wẹ́wẹ́ tò sí i bí ìrẹsì tó dà sílẹ̀.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Kò sí nǹkan, Bàbá Ìbejì. Ẹ rọra o, kí ẹ má gé ọmọ ọlọ́mọ létí."

Mo wo ọwọ́ mi. Mo ti gé etí ọmọ náà kan kúrò.

Kò sí nǹkan. Ọkùnrin tó bá ti gbéyàwó pẹ́ mọ̀ pé inú "kò sí nǹkan" ni gbogbo nǹkan máa ń wà. Mo tún fótò mìíràn tẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá kọ̀ǹpútà jowú. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Irọ́ ni. Èmi òjòwú yìí, ẹran ń bẹ láyà mi títí dé ikùn.

Ṣọ́ọ̀bù wa kò jìnnà sí géètì yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Pásípọ́ọ̀tù, fọ́tókọ́pì, títẹ iṣẹ́ àṣekágbá, fífi ọ̀rá bo sàtífíkéètì, gbogbo rẹ̀ là ń ṣe. Ìjẹ̀bú-Igbó nilé wa wà. Láràárọ̀ ni mo máa ń gbé ìyàwó mi sẹ́yìn alùpùpù, a ó gba Òrù kọjá, a ó sì dé Àgọ́ kí àwọn ọmọ tó jí. Ìyàwó mi ló kàwé nínú àwa méjèèjì. Èmi, ìwé mẹ́fà ni mo kà kí bàbá mi tó fà mí lé fọtógíráfà lọ́wọ́, ó ní orí mi kò gba ìṣirò, bóyá ojú mi yóò gba fótò. Ó gbà á. Àwọn ìbejì wa ti dàgbà, wọ́n ti bá tiwọn lọ, èmi àti ìyá wọn ló kù. Àǹkú ni àwọn ọmọ yunifásítì máa ń pè mí. "Àǹkú, ẹ jẹ́ kí n pọ́n díẹ̀ sí i nínú fótò yìí." Èmi ni mo máa ń sọ wọ́n di pupa.

Iṣẹ́ kan wà tí a máa ń ṣe tí ọmọ tuntun bá wọlé sí yunifásítì. Wọn á kó fótò gbogbo wọn wá, a ó sọ ọ́ di kékeré, a ó sì fi nọ́ńbà ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ fótò rẹ̀ lórúkọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni o. Ìyàwó mi á máa ka nọ́ńbà, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Ìka kan ni mo fi ń tẹ̀wé, ṣùgbọ́n ìka náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ṣì í, á ní, "Ẹ́ẹ̀tì ni mo pè, Bàbá Ìbejì, kì í ṣe ẹ́ẹ̀tììnì." Èmi á ní ohùn rẹ̀ ni kò já gaara. A ó jà, a ó jẹ mọ́ínmọ́ín, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ojú mi á pọ́n, ẹ̀yìn á máa dùn mí, n kì í sì í yé ráhùn. N kò mọ̀ pé n ó wá a tì.

Ọkùnrin kan láti Òrù ló wá tú wa ká. Kọ̀ǹpútà ló máa ń tún ṣe. Tiwa ń falẹ̀, mo sì fẹsẹ̀ ara mi lọ pè é wá. Ó ga, ó ṣe pẹ́lẹ́ńgẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ gún régé bí ẹni pé rúlà ni wọ́n fi fà á. Lọ́fínńdà rẹ̀ á wọ ṣọ́ọ̀bù tán kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ó kí mi, ó ní, "Dádì, ẹ káàsán sà." Ó kí ìyàwó mi, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́." Ẹ gbọ́ ná. Tí mo bá jẹ́ Dádì, báwo ni ìyàwó mi ṣe wá jẹ́ Àǹtí? Kí sì ni "mi" ń wá ńbẹ̀? Ọkùnrin tí irun funfun ti ń yọ lágbọ̀n òun náà!

Ó wò wá bí a ṣe ń sọ fótò lórúkọ, ó mi orí.

"Àǹtí mi, iṣẹ́ tí ẹ ń fi máòsì ṣe láti àárọ̀ yìí, ìlà kan ṣoṣo ló tó o."

Ó ní ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ Línúùsì, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún un. Ó ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé e sí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n pé ní ayé ìsinsìnyí, a lè gbé e sínú kọ̀ǹpútà wa tó ń lo Wíńdòsì, láìlé Wíńdòsì jáde.

"Kọ̀ǹpútà méjì nínú ẹyọ kan?" ni mo bi í.

"Bó ṣe máa rí nìyẹn, Dádì. Bí ìgbà téèyàn gba ayálégbé sí yàrá ẹ̀yìn. Onílé ṣì wà ní pálọ̀ rẹ̀."

"Ṣé ayálégbé yìí kò ní máa yọjú sí pálọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò sí ibi tí kò lè dé nínú ilé, Dádì. Onílé gan-an ni kì í sábà mọ ohun tó wà ní yàrá ayálégbé."

Ǹ bá ti lé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ìyàwó mi ti fa àga sún mọ́ ọn.

Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́. Ojú dúdú tó ní lẹ́tà funfun, inú fíìmù àwọn olè tó ń já báńkì nìkan ni mo ti rí i rí. Mo ní àwọn ọlọ́pàá tó ń wá ọmọ gbájúẹ̀ kiri Àgọ́, tí wọ́n bá yọjú wo ṣọ́ọ̀bù wa, ta ni yóò ṣàlàyé? Mo gbé àpótí ìjókòó mi sẹ́nu ọ̀nà, kí n lè tètè rí wọn. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú.

Ọlọ́pàá ò wá. Iṣẹ́ ló wá. Ìyàwó mi kọ ìlà kan sójú dúdú, ó tẹ bọ́tìnì, kí n sì tó fi eyín fa ọ̀rá omi ya, fótò gbogbo ẹ̀ka kan ti gba nọ́ńbà, wọ́n ti kéré, wọ́n ti tò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó pariwo, "Bàbá Ìbejì, ẹ wá wo nǹkan!" Mo lọ wò ó. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí. Nígbà tó yá, kò pè mí mọ́.

Ohun tó bí mi nínú jù nípa ayálégbé náà ni ìwà rẹ̀. Kò sí àwòrán lójú rẹ̀ téèyàn lè tẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n jọ ń sọ, òun àti ìyàwó mi. Obìnrin á sọ ohun tó fẹ́ fún un, òun á sì ṣe é. Tó bá ṣe é dáadáa, kì í fọhùn. Á kàn dákẹ́, á máa dúró de ọ̀rọ̀ mìíràn. Èmi, tí mo bá ṣe nǹkan dáadáa nínú ilé wa, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí aládùúgbò gbọ́. Ibo ni ọkùnrin fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ du obìnrin?

Àwọn oníbàárà náà yí padà. Ọmọbìnrin kan dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Àǹkú, ṣé Mọ́mì wà?"

"Mo wà."

"Ẹ ṣeun, Àǹkú. Mọ́mì ni mo béèrè."

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi ọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni mo wà lọ́jọ́ náà, mò ń sá fótò, fáànù ń pariwo, ìyàwó mi sì rò pé ìta ni mo wà. Ó tẹ ohùn kan tí wọ́n gbà ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Mo gbọ́ ọ ketekete.

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Yàrá tá a sọ ti parí, wọ́n ti kùn ún. Àga yín ti wà ńbẹ̀. Ẹ kàn sọ ìgbà tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ fún mi. Ẹ má jẹ́ kí n fi ẹlòmíì síbẹ̀ o, Àǹtí mi."

Mo dúró sójú kan bí aṣọ tí wọ́n sá. Mo mọ yàrá náà. Ó wà lápá ibi tí àwọn tó sá ogun wá láti ìlú òkèèrè gbé nígbà kan ní Òrù, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mò ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ọkùnrin náà ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé òun fẹ́ máa kọ́ àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà. N kò mọ̀ pé ìyàwó mi ni yóò jókòó síbẹ̀. Bí ó bá lọ, kí ló kù fún mi ní Àgọ́? Fọ́tókọ́pì àti èmi. Ta ni yóò sì sọ fún mi pé ẹ́ẹ̀tì ni, kì í ṣe ẹ́ẹ̀tììnì?

N kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá béèrè, ó lè dáhùn. Ohun tí mo ṣe ni pé nígbàkúùgbà tí a bá ti dé ìtòsí yàrá náà lórí alùpùpù, mo máa ń tẹná.

"Bàbá Ìbejì, kí ló ń lé yín?"

"Òjò ń bọ̀."

"Òjò wo? Nínú oòrùn yìí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Mo ti kíyè sí i pé bọ́tìnì kan wà lórí kíbọ́ọ̀dù, èyí tí ọfà rẹ̀ kọjú sókè, pé tó bá ti tẹ̀ ẹ́ lójú dúdú, ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn ló máa padà wá. Tó bá tún un tẹ̀, èyí tó ṣáájú ìyẹn á yọ. Ẹ wo ohun tí Ọlọ́run fi lé òjòwú lọ́wọ́! Ìyàwó mi lọ kírun ọ̀sán, mo ṣe bísímílà, mo jókòó sídìí ayálégbé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọfà kí n lè mọ ohun tí wọ́n ti ń bá ara wọn sọ.

Èdè tí wọ́n ń sọ kò yé mi. Àmì ìràwọ̀, ìlà tó dagun, ọ̀rọ̀ Òyìnbó tí wọ́n ti gé lórí gé nídìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ń jáde léraléra. Èkíní ni "Iwopin", ìlú apẹja tí mo ti máa ń lọ ya fótò tẹ́lẹ̀. Èkejì bẹ̀rẹ̀ bíi nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ti fọ̀, tí ojú dúdú á jẹ́ funfun níbẹ̀, tí eyín á dúdú, tí irun á funfun. Kí ló da ayálégbé pọ̀ mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù mi?

Ìka mi ti ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì ńlá, èyí tí wọ́n fi ń ní kí ayálégbé ṣe ohun tí wọ́n kọ. Ó béèrè páàsíwọ́ọ̀dù. Mo tẹ orúkọ mi. Nǹkan kan ò jáde, lẹ́tà ò yọ, ìràwọ̀ ò yọ. Mo rò pé kíbọ́ọ̀dù ti kú, mo gbé e sókè, mo gbọ̀n ọ́n, ìyẹ̀fun bisikíìtì dà sílẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní "Sọ́rì," ó ní kí n tún gbìyànjú. Mo tẹ orúkọ àwọn ìbejì. Ó tún ní sọ́rì. Mo gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan sí i, ó wá ka iye ìgbà tí mo ti ṣì í fún mi bí olùkọ́ tó fẹ́ nani. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo fọwọ́ ara mi kàn pákó rẹ̀! Mo ti ojú dúdú pa, mo sá lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo sì ń fi àlùmọ́gàjí gé bébà tí kò ní nǹkan kan lára.

Nígbà tí ìyàwó mi lọ ra àkàrà ní ìrọ̀lẹ́, mo wọ ẹ̀yìn lọ ṣí àpótí mi.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé àpótí yìí. Àwa fọtógíráfà àtijọ́, a kì í ju nẹ́gẹ́tíìfù nù. Ẹni tó bá ya fótò lọ́dọ̀ rẹ gbé fótò lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣẹ́kù sọ́dọ̀ rẹ. Tó bá dọjọ́ tí ẹni náà kú, tí fótò ti sọnù nílé, àwọn ọmọ á wá bá ọ pé, "Bọ̀dá, ẹ bá wa wo bàbá wa." Ìwọ á wọ inú àpótí, wà á fà á jáde. Mo ya àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó tán, mo gun alùpùpù lọ ya àwọn apẹja ní Ìwópin, létí omi lọ́hùn-ún, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti máa ń bọ́ sínú fótò ẹni tí kò pè é. Gbogbo wọn wà nínú àpótí náà, nínú àpòòwé, mo sì ti kìlọ̀ fún tẹrú tọmọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Àwọn àpòòwé tò létòlétò, bẹ́ẹ̀ èmi kì í to nǹkan. Àpòòwé Ìwópin kò sì sí níbẹ̀.

Mo padà sí kọ̀ǹpútà, mo wá gbogbo ojú Wíńdòsì, mo ṣí gbogbo fódà, mo wo ibi tí a ń ju ìdọ̀tí sí. Kò sí ojú ẹni Ìwópin kankan. Mo wá mọ̀ pé ìyàwó mi ti ń kó ẹrù. Bí obìnrin bá fẹ́ kúrò nílé, kì í kọ́kọ́ kó àpótí aṣọ. Nǹkan kéékèèké ló máa ń kọ́kọ́ gbé jáde. Ó ti kó ojú àwọn èèyàn mi lọ sí Òrù, wọ́n ti wà nínú yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun fẹ́ lọ wo ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní Mamu. Mo ní kó kí wọn. Bí ọ̀kadà tó gbé e ṣe yí kọ́nà, mo ti wà nídìí kọ̀ǹpútà. Mo pinnu pé n ó lé ayálégbé jáde. Tí kò bá sí ojú dúdú, kò ní sí Àǹtí mi, kò ní sí àga ní Òrù, a ó padà sídìí ẹ́ẹ̀tì àti ẹ́ẹ̀tììnì wa.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń yọ nǹkan kúrò lórí Wíńdòsì, ìyẹn kò ṣòro. Mo rí orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn yòókù, mo tẹ̀ ẹ́, mo ní kó máa lọ. Kọ̀ǹpútà wá bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ó ní yóò lọ, àti gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ọn.

Gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ọn. Mo dúró. Ta ló mọ ohun tó jẹ mọ́ ọn? Tó bá lọ tòun ti Wíńdòsì ńkọ́? Tó bá fa iṣẹ́ àwọn ọmọ yunifásítì lọ́wọ́ lọ? Mo nílò ẹni tí n ó bi, ẹni kan ṣoṣo tó sì mọ̀ ọ́n ní gbogbo ọ̀nà Àgọ́ sí Ìjẹ̀bú-Igbó ni ẹni tí mò ń bá jà lọ́kàn.

Mo pè é. Ẹ̀rù lágbára ju owú lọ, mo fi ojú ara mi rí i.

"Ẹ káàárọ̀ sà, Dádì. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Mo kàn ní kí n béèrè ni. Bí ènìyàn, kì í ṣe èmi o, bí ẹnì kan bá fẹ́ yọ ojú dúdú yẹn kúrò, ṣé yóò ba kọ̀ǹpútà jẹ́?"

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ibo lọwọ́ yín wà báyìí?"

"Ara mi ni ọwọ́ mi wà."

"Ẹ má tẹ nǹkan kan o! Kọ̀ǹpútà ò ní ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà ní yàrá ayálégbé máa bá a lọ ni, kò sì ní padà. Fótò yín wà ńbẹ̀ o, Dádì. Gbogbo iṣẹ́ tí Àǹtí mi ti ń ṣe."

"Fótò mi wo?"

"Hàà. Ẹ ò tíì mọ̀?"

Mo ti fóònù pa. Inú ṣọ́ọ̀bù mi, inú kọ̀ǹpútà mi, fótò mi, ará Òrù ló wá ń fi tó mi létí. Bí mo ti ń jowú láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò tíì tó nǹkan. Ìgbà yìí gan-an ló bẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ tí fóònù dún. Ìyàwó mi ni. Ará Òrù ti pè é. Kò kí mi.

"Bàbá Ìbejì, ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò lórí máòsì."

"Mo ti gbé e."

"Ẹ dìde lórí àga."

Mo dìde.

"Ẹ bọ́ síta."

Ìta ni mo wà tó fi dé, eruku Mamu kún gèlè rẹ̀. Ó gbà mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó rí ìbéèrè tí mo fi sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀: rárá.

"Ẹ wá jókòó."

Mo jókòó. Ó fa àpòòwé Ìwópin yọ nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀.

"Ọ̀rinrin ti ń jẹ wọ́n. Ikán ti dé ìdí àpótí yín, ẹ ò mọ̀. Mo ń mú wọn lọ sílé lápòòwé lápòòwé, mo ń tẹ́ wọn lé orí iná fóònù, mo ń fi kámẹ́rà yín yà wọ́n. Èyí tí mo bá ti yà, mo ń dá a padà."

"Mo wá wọn nínú kọ̀ǹpútà. N kò rí wọn."

"Ìhà tiyín lẹ ti wá wọn. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n wà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń yá."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ó kọjú sí mi. "Ta ni n bá sọ fún? Ẹ̀yin tí ẹ ń bá kọ̀ǹpútà jowú, tí ẹ ń wò ó bí ẹni pé ó gba oúnjẹ yín jẹ? Ẹ ní ká má fọwọ́ kan àpótí. Mo ní kí n parí rẹ̀ ná, kí ẹ má lè ní kí n dá a dúró."

Ó ṣí ojú dúdú, ó wọ ibì kan tí a ń pè ní Iwopin, ó fi fótò kan hàn mí bí kámẹ́rà ṣe gbà á: obìnrin tí ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun, tí irun rẹ̀ náà funfun, tí omi ọ̀sà ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ọ̀dà. Ó kọ ìlà kan. Ó tẹ bọ́tìnì. Ayálégbé kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó tún ṣí i, ojú obìnrin náà ti padà sí ojú ènìyàn, oòrùn wà lórí omi, imú ọkọ̀ kan sì ti yọ wọ inú fótò láti ẹ̀gbẹ́. Gbogbo àpòòwé náà ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, tọkùnrin tobìnrin.

Ẹ ò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún mi. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, yàrá òkùnkùn ni a ti ń ṣe é, nínú omi tó ń ta èèyàn nímú. Bébà á wà nínú omi náà ní funfun, ojú ẹni á máa yọ díẹ̀díẹ̀, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ rí i ní gbogbo ayé. Ọ̀gá ni mí nínú òkùnkùn yẹn. Òkùnkùn mìíràn ti wá gba ipò rẹ̀, ìyàwó mi ló wà nídìí rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ rí wọn. Mo jowú ìyẹn náà.

"Ẹ sì fẹ́ mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí?" ló wí.

Ó ṣí àpòòwé Òkè-Ṣọ́pẹ́n lójú kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin kan jókòó lórí àpótí, ọrùn rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ le bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní ẹ̀bùn, tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má yí ọkàn padà. Ó tún wà nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ó gbé àgbọ̀n sókè. Ó wo ẹ̀gbẹ́. Fíìmù náà kún fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Pásípọ́ọ̀tù kan ni mo wá yà," ni ìyàwó mi wí. "Ẹ ní fíìmù ò mú un. Ẹ ní kí n tún jókòó. Ẹ ní kí n gbé àgbọ̀n sókè. Ẹ ní kí n padà wá lọ́la nítorí fíìmù ò mú un. Bàbá Ìbejì, gbogbo rẹ̀ ló mú!"

Àlùmọ́gàjí ni mo ń wá, kí n rí nǹkan gé.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ẹ rántí ohun tí mo fẹ́ fi pásípọ́ọ̀tù náà ṣe?"

Mo rántí. Fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà ni ó fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó wọ ibẹ̀, kò sì parí rẹ̀, nítorí ìgbéyàwó, nítorí àwọn ìbejì, àti nítorí ọkùnrin kan tí fíìmù rẹ̀ kì í mú nǹkan.

Mo wo ọmọbìnrin inú fótò. Mo wo ẹni tó jókòó tì mí. Mo wá béèrè, kò tún sí ibi tí mo lè sá gbà mọ́.

"Ṣé o máa lọ sí Òrù?"

"Mo fẹ́ lọ," ló wí. "Èmi náà fẹ́ dúró níwájú èèyàn kí n kọ́ wọn ní nǹkan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ yòókù, ẹ̀yin lẹ ni mí. Mi ò tíì dá a lóhùn. Mò ń retí kí ẹ béèrè ni. Ẹ kàn ń tẹná kọjá níwájú ibẹ̀ lójoojúmọ́."

"O mọ̀?"

"Òjò nínú oòrùn, Bàbá Ìbejì."

Bí mo bá ní rárá, mo mọ̀ pé kò ní lọ. Ohun tó dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn. Ọmọbìnrin yẹn á tún jókòó sórí àpótí, á gbé àgbọ̀n sókè, èmi á tún sọ fún un pé kò mú.

"Ta ni yóò máa bá ayálégbé sọ̀rọ̀ níbí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun?" ni mo bi í.

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ ti tẹ páàsíwọ́ọ̀dù títí lánàá, mo rí i. Ó máa ń ka àṣìṣe."

Ó kọ́ mi. Ó tẹ páàsíwọ́ọ̀dù náà jẹ́jẹ́ kí n lè rí ìka rẹ̀. Ó ní kí n má wulẹ̀ gbọn kíbọ́ọ̀dù, pé bí kò tilẹ̀ fi nǹkan kan hàn, ó ń gbọ́ mi.

Nísinsìnyí, tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀, mo máa ń sọ ìyàwó mi kalẹ̀ ní iwájú yàrá náà ní Òrù. N kì í tẹná mọ́. Ará Òrù á jáde wá pẹ̀lú lọ́fínńdà rẹ̀. "Dádì, ẹ ò wọlé kí ẹ mu omi?" Mo máa ń ní iṣẹ́ ń dúró dè mí, mo sì máa ń wo àga wọn láti ẹnu ọ̀nà, bóyá wọ́n ti sún mọ́ra ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Mo gun alùpùpù dé Àgọ́, mo ṣí ojú dúdú, mo kó fótò àwọn ọmọ síbẹ̀, mo sì fi ìka kan kọ ìlà náà. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí bí mo ṣe mọ fàtíhà.

Ṣùgbọ́n kí n tó tẹ bọ́tìnì ńlá, mo máa ń gbé fóònù, mo máa gba ohùn sílẹ̀, ohùn ńlá, mo sì máa fi ránṣẹ́ sí Òrù: "Ìyá Ìbejì, aya mi, báwo la ṣe ń kọ ìlà tó ń sọ fótò lórúkọ yẹn ná? Mo ti gbàgbé."

N kò gbàgbé. Mo fẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ ní gbangba, kí gbogbo yàrá náà gbọ́, ní pàtàkì ẹni gíga tó wà níbẹ̀. Ohùn ìyàwó mi máa ń padà dé kíákíá, ẹ̀rín ìsàlẹ̀ ọ̀fun yẹn sì máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ wá.

"Ẹ tẹ ọfà òkè, Bàbá Ìbejì. Ẹ ti kọ ọ́ tán, mo mọ̀ yín."